Ojú tó wà lára ògiri bàbá yín

Ẹ má wulẹ̀ bu omi fún mi, Ìyá Fréjus, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí tí mo bá ti mu omi pẹ́nrẹ́n, màá ní kò sí nǹkan kan, màá bi yín bí ọjà iṣu ṣe rí, màá dìde, màá wọ mọ́tò padà sí Dassa, ọ̀rọ̀ á sì tún kù sí mi nínú! Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni. Juvénal ni. Rárá o, nǹkan kan kò ṣe é, ara rẹ̀ le koko, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ló ṣe nǹkan fún. Èmi Dorothée tí ẹ ń wò yìí. Ó dá ògiri bàbá yín lu, ó fi ilẹ̀kùn sí i, ibi tó sì dá lu yẹn, nínú gbogbo gígùn ògiri náà, Ọlọ́run Ọba, ibi tí ojú ọmọ mi wà gan-an ni!

Ẹ ní ọmọ mi wo? Ẹ ṣe sùúrù. Màá débẹ̀.

Mi ò sunkún. Ẹ wo ojú mi dáadáa, ẹ ò ní rí omi kankan níbẹ̀, ó sì ti lé ní oṣù kan báyìí. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Lọ́jọ́sí, Hàlímọ̀tù tó ń din àkàrà ń bẹ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ọwọ́ òun ló ṣì, ata ti pọ̀ jù, gbogbo wọn ń fẹ́ ẹnu, ojú wọn ń dá omi. Èmi ti jẹ tèmi tán. Mi ò mọ̀ pé ata wà níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ènìyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀, tó jí, tó ń fọwọ́ kan apá náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni? Gbogbo ara mi ló rí bẹ́ẹ̀. Mò ń fọ aṣọ, mò ń gbálẹ̀, mò ń dáhùn tí wọ́n bá kí mi, kò sì sí èyí tó kàn mí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ò sí nílé, ó ti pẹ́ tí ẹ ti wà ní Glazoué níbí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rántí bí ọ̀nà ẹ̀yìn ilé bàbá yín ṣe rí, èyí tó lọ sí ẹsẹ̀ òkè? Àkìtàn ni! Láti ìgbà tí wọ́n ti kó ọjà kúrò níbẹ̀, ilẹ̀kùn àwọn bùtíkì ti dípẹtà, ewúrẹ́ ló ń sùn sí ẹnu ọ̀nà wọn, ọ̀rá dúdú ń fò kiri bí ẹyẹ, kò sì sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá àfi ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Ògiri bàbá yín dúró níbẹ̀, ó gùn tó ilé mẹ́ta, kò wúlò fún ohunkóhun, àfi tí ìbò bá dé tí àwọn olóṣèlú á máa lẹ ìwé mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni Théodore bá wa. Ọmọ tíṣà wa àtijọ́ ni, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Porto-Novo. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé láti Cotonou, ó pe gbogbo àdúgbò sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní àwọn ní pòrójẹ̀ kan, pé a ó ya àwòrán sí ara ògiri yẹn láti ìkángun kan dé èkejì, pé àwa tí a wà níbẹ̀ ni a ó sọ ohun tí a ó yà, àwa náà ni a ó sì yà á. A rẹ́rìn-ín! Sùlè aránṣọ dìde, ó ní, “Théodore, àwòrán yẹn, ṣé a ó sè é jẹ ni?” A tún rẹ́rìn-ín. Théodore kò bínú. Ó mú ìwé jáde, ó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà ọkùnrin kan ní òun fẹ́ rí àwọn òkè wa bí wọ́n ṣe rí kí wọ́n tó máa fọ́ òkúta wọn tà, Sùlè fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ rí ebè iṣu, Hàlímọ̀tù ní àwọn obìnrin tó ń pọn omi gun òkè. Àbúrò yín wà níbẹ̀. Òun ló ni ògiri, ó ní kí a máa yà á, ó ní ó dára, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Théodore wá ní, “Ta ló mọ nǹkan yà ní àdúgbò yìí?” Gbogbo wọn nawọ́ sí mi. Èmi!

Kí ni mo mọ̀ yà? Orí tí wọ́n gẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀. Orí tí wọ́n dì fún ẹnu ọ̀nà onídìrí. Táyà fún ẹni tó ń lẹ táyà. Orúkọ òkú sára àgbélébùú. Ogún ọdún ni mo fi ń kọ orúkọ ẹlòmíràn kiri Dassa, tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ni. Àwọn ọmọ Cotonou yẹn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi okùn pín ògiri kí àwòrán ńlá má bàa wọ́, wọ́n kọ́ mi bí ènìyàn ṣe lè po ọ̀dà pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa kó sì di mú, wọ́n sanwó iṣẹ́ wa fún wa bó ṣe yẹ, nígbà tó sì parí, Théodore fa búrọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Tàǹtí, ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀.” Mo ní orúkọ ta? Ó ní tiyín. Ìyá Fréjus, mo ti búrọ́ọ̀sì bọ ọ̀dà. Mo kọ Dorothée, lẹ́tà kejì sì wọ́. Ó ṣì wọ́ síbẹ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú yẹn wàyí.

Àwọn obìnrin tó ń pọn omi, márùn-ún ni mo yà. Mẹ́rin àkọ́kọ́, ènìyàn tí mo mọ̀ ni, ẹ bá dá wọn mọ̀, Hàlímọ̀tù wà níbẹ̀, ó tún ní mo jẹ́ kí ìdí òun tóbi jù. Ẹnì karùn-ún, tó ṣíwájú wọn, mo ya aṣọ rẹ̀, mo ya ọrùn rẹ̀, mo ya ìkòkò omi lórí rẹ̀, mi ò ya ojú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn náà mo gun àkàbà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, ó sì gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ṣé ẹ rántí Elvire? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe “háà” fún mi. Ẹ dákẹ́ ná.

Ẹ rántí rẹ̀ bó ṣe wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, bí gbogbo wa ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn, torí kò kọjá bẹ́ẹ̀. Mo mú un lọ sí oko ìyá mi ní Gbaffo nígbà òjò, ibà dé, odò ya bo ọ̀nà, a kò rí mọ́tò, a kò rí ọ̀kadà, nígbà tí omi fi máa fà, kò sí ẹni tí a ó gbé lọ sí ọsibítù mọ́. Ẹ̀yin náà wá kí mi. Ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní nínú ìwé ilé-ìwé rẹ̀, òjò jẹ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi sì ṣàánú mi, ẹ kò pè mí ní Ìyá Elvire mọ́, gbogbo yín kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Tàǹtí, Tàǹtí Dorothée, kí ẹ má bàa fọwọ́ kan egbò mi. Ó dára. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo yà á sí ọmọ ogún ọdún. Bó ṣe yẹ kó rí nígbà tí mò ń yà á. Ẹ ò rí i, kò sí ẹni tó mọ ojú yẹn, èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n, mò ń wá a ni. Mo mú àgbọ̀n ìyá mi, kò bá a mu, mo pa á rẹ́. Mo mú ìpéǹpéjú bàbá rẹ̀, ó bá a mu. Iwájú orí rẹ̀ ni mo mọ̀, torí ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bomi sí i tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan bí ìgbà tí agogo ọ̀sán dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ọ̀dà díẹ̀ kan abẹ́ ojú òsì, ó sì wò mí. Ọmọ mi wò mí! Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, mo jókòó sórí erùpẹ̀, Sùlè ní ṣé oòrùn ló pa mí ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ fún Théodore, mi ò sọ fún Hàlímọ̀tù. Kí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Tí mo bá sọ, wọn á máa rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá dé iwájú rẹ̀, wọn á máa fi ojú àánú wò ó, wọn á sọ ibẹ̀ di itẹ́ òkú. Mo fẹ́ kí wọ́n máa wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọmọbìnrin tó rẹwà tó ń kọjá lọ. Wọ́n sì ń wò ó bẹ́ẹ̀! Sùlè ní, “Tàǹtí, ọmọ ta ni èyí? Tó bá wà ní Dassa yìí, ẹ bá mi bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ mi ọkùnrin ń wá ìyàwó.” Mo rẹ́rìn-ín, Ìyá Fréjus. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú. Ìgbà wo ni mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?

Ọ̀nà yẹn sì yípadà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbálẹ̀, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Hàlímọ̀tù gbé agbada àkàrà rẹ̀ wá síbẹ̀ torí àwọn tó wá wo àwòrán, Sùlè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, obìnrin kan láti Aklampa gba bùtíkì kan, ó ń ta wàrà wàgàṣì, mẹ́rì, ìjọba ìlú, sì fi iná mẹ́ta síbẹ̀. Lóṣù kẹjọ tí àwọn tó wá kí Màríà ní ihò àpáta dé, ẹ bá rí èrò! Wọ́n á kúrò níbi àdúrà, wọ́n á wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bàbá yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ta ni gbogbo wọn sì máa ń dúró? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Gbogbo ènìyàn. Ìyàwó tuntun, mọdámù, fadá, gbogbo wọn ló ń dúró síbẹ̀. Èmi náà wá ń rí iṣẹ́, wọ́n ń pè mí sí ilé-ìwé, wọ́n ń pè mí sí ilé ìgbẹ̀bí, “ẹ bá wa pe obìnrin tó ya ti Dassa yẹn.” Èmi tí mò ń kọ orúkọ òkú!

Iṣẹ́ ilé-ìwé Gbaffo ni mo lọ ṣe lẹ́yìn ọdún tuntun. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Lọ́jọ́ karùn-ún mo sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo gba ọ̀nà yẹn wọlé bí mo ṣe máa ń ṣe, kí n lè kí i. Mo rí eruku. Mo rí ìmọ́lẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ wà. Mò ń wo àgbàlá bàbá yín láti ojú ọ̀nà, mò ń rí aṣọ tí wọ́n sá. Ìkòkò omi ṣì wà lókè, lórí ihò. Àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn ṣì ń tẹ̀ lé e. Òun kò sí mọ́.

Juvénal jáde sí mi, símẹ́ńtì kún orí rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn! Ó ní, “Tàǹtí, ẹ káàbọ̀! Ẹ wá wò ó! Bùtíkì ni mo fẹ́ ṣí. Ẹ̀yin lẹ ràn mí lọ́wọ́, ibi tí gbogbo ènìyàn ń dúró sí láti ya fọ́tò ni mo fi ilẹ̀kùn sí, wọ́n á ya fọ́tò tán, wọ́n á wọlé ra nǹkan tútù.” Ẹ gbọ́! Torí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ló fi fọ́ ọ. Ká ní mo yà á burúkú ni, ká ní mo jẹ́ kó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ti onídìrí, ì bá ṣì wà níbẹ̀! Àfọ́kù bíríkì ni wọ́n fi dí kòtò iwájú ilé, mò ń wo ilẹ̀, mo rí etí kan pẹ̀lú yẹtí ofeefee tí mo yà sí i, mọlémọlé sì tẹ̀ ẹ́ kọjá pẹ̀lú korobá.

Kí ni mo sì ṣe? Ẹ bi mí! Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo fi Ọlọ́run búra, ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo wọlé, mo sè, mo jẹ, mo sùn.

Mo fi tẹlifóònù pe Théodore. Ó dùn ún, ó ní ògiri onílé ni, pé ọdún méjì ni onílé fọwọ́ sí, ó ti pé, pé ẹjọ́ kò sí níbẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Tàǹtí, ẹ ó tún un yà síbòmíràn, ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀.” Ọwọ́ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo mú èédú, mo mú ìwé, mo jókòó. Àgbọ̀n ń wá, imú ń wá, ọmọ ẹlòmíràn ni. Mo tún un ṣe, ọmọ ẹlòmíràn tún ni. Ìwé kún ilẹ̀ yàrá mi, ọmọbìnrin bí ogún, kò sí ọmọ mi nínú wọn. Mo kó gbogbo rẹ̀ dáná, mo fi se ẹ̀wà.

Ó tún kù o. Ẹ jókòó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Juvénal kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé ọ̀dà wá, ó ní òun kò lè fi iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn, pé ọwọ́ mi ló mú ire wá sí àdúgbò, kí n bá òun kọ orúkọ bùtíkì sára ilẹ̀kùn irin yẹn. Sára ilẹ̀kùn yẹn! Ẹ̀yin ni ẹ tọ́ ọ dàgbà, ẹ mọ̀ ọ́n, ènìyàn rere ni, nígbà tí ìjì ṣí òrùlé mi, òun ló gun orí ilé kó tó di pé mo pè é. Ká ní ènìyàn burúkú ni, ìbá rọrùn! Ǹ bá bú u, ǹ bá ṣépè, ǹ bá lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí gbogbo Dassa gbọ́. Ta ni mo fẹ́ ṣépè fún? Ẹni tí kò mọ̀?

Mo kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́, Ìyá Fréjus, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. “Chez Juvénal,” ilé Juvénal nìyẹn, lẹ́tà pupa, òjìji dúdú. Kò sí èyí tó wọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ jù lọ tí mo ṣe láyé mi nìyẹn, mo sì fọ búrọ́ọ̀sì mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí mo lọ ra iyọ̀ ní bùtíkì yẹn lánàá ni mo tó mọ̀ pé mi ò lè máa bá a lọ báyìí. Mo gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, mo dé àárín ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi dúró. Kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Mò ń wo igun ilẹ̀kùn lọ́wọ́ òsì, mo sì mọ̀ pé ibi tí ojú òsì rẹ̀ wà nìyẹn, pé inú orí ọmọ mi ni mo dúró sí, tí mò ń ra iyọ̀. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ jẹ́ kí n kọjá.” Mi ò lè yà fún un. Àwọn mìíràn tò sẹ́yìn rẹ̀. Juvénal ń rẹ́rìn-ín látinú bùtíkì, ó ní, “Tàǹtí, ṣé ẹ fẹ́ di òpó ilé mi ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun ló wá di ọwọ́ mi mú, jẹ́jẹ́, tó fà mí wọlé.

Torí náà ni mo ṣe wọ mọ́tò láàárọ̀ yìí. Mi ò lè fẹnu ara mi sọ fún un, tí mo bá rí i, ẹ kú iṣẹ́ ni màá sọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un. Ẹ pè é wá síbí, ẹ ní kó jókòó, ẹ sọ ọmọ tó ni ojú yẹn fún un, ẹ sọ iye ọdún tó yẹ kí ọmọ náà jẹ́ lónìí.

Ẹ má jẹ́ kó fọ́ nǹkan kan o! Ẹ gbọ́? Kó má ti bùtíkì rẹ̀, kó má wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, kó má gbé nǹkan wá, bíríkì kò lè padà di ojú. Kó máa tajà rẹ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kó tà. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Láàárọ̀, tó bá mú kọ́kọ́rọ́ dání tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kó dúró díẹ̀. Kó ní, “Àgò o.” Kó sọ ọ́ síta, bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ tó bá fẹ́ wọ yàrá tí ọmọbìnrin ń gbé. Mi ò ní kó retí pé ẹnikẹ́ni á dá a lóhùn. Kó ṣáà máa ní àgò, lẹ́yìn náà kó ṣí i.